Ìyẹ́ Nìkan Kọ́: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tí Ń Gbé Àfòpiná Igbó Fò àti Ohun Tí Ń Fà Á Sẹ́yìn

Ní ìhà gúúsù Èkìtì, láti oko ẹ̀yìn Èmùré, ilẹ̀ Elémùré, títí dé igbó tí ìjọba dá sí ní Ìsẹ̀, ilẹ̀ Arínjálẹ̀, arère wà lára àwọn igi tí orí wọn yọ láàárín ẹgbẹ́: arère agogoro tí ó lè ga tó mítà 50, arère tí ewé rẹ̀ là bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, arère tí pákó rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí káfíńtà Ìkẹ́rẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀ fún àjà ilé. Igi ńlá bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́ máa ń bọ́ láṣọ nígbà òjò, tí ẹni tí ó bá gbójú sókè kò fi ní rí ju ẹ̀ka lásán àti ìtẹ́ òwú aláwọ̀ ilẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí irú ọ̀ràn báyìí sì ń gbé dìde, tí àwọn onímọ̀ kòkòrò ti ń yẹ̀ wò nílé lóko láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ni pé àfòpiná tí ó yé ẹyin sórí igi náà, báwo ni ó ṣe fò débẹ̀, ibo ni agbára rẹ̀ ì bá sì gbé e dé bí ó bá wù ú láti lọ síwájú? Àwọn àgbà ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí mo ti ń yẹ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wò láti ìdí dé òkè ni ó ń hàn sí mi pé àfòpiná tí kò lè fò ti bọ́ sínú àìlèfò kí ó tó hu ìyẹ́ rárá, nígbà tí ó ṣì ń wọ́ ikùn lórí ewé.

Kòkòrò sányán ni kòkòrò arère yìí, òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe venata. Ìyá rẹ̀ a kó ẹyin rẹ̀ jọ sójú kan, a sì fa irun ìdí ara rẹ̀ tu láti fi bò wọ́n kí òjò àti eèrà má baà rí wọn gbé ṣe. Bí wọ́n bá pa, àwọn ọmọ kì í tú ká: wọn a jọ jẹun, wọn a jọ sinmi, bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣí kúrò lórí ẹ̀ka kan wọn a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, orí èyí lẹ́yìn ìdí tọ̀hún, tí ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kàn wọ́n yóò máa yún ara kiri nítorí irun wọn. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà tán, wọn a para pọ̀ ran ìtẹ́ kan ṣoṣo, nínú èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn yóò sùn sí títí wọn yóò fi di àfòpiná. Láyé àtijọ́, ìtẹ́ yìí ni àwọn ìyá wa máa ń fi omi eérú sè, tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ ran di òwú, tí àwọn ahunṣọ sì fi ń hun sányán, baba aṣọ, èyí tí olówó fi ń rin ìrìn ẹ̀yẹ. Àwọn kan a sì máa sun ìdin rẹ̀ jẹ, ohun tí ó yẹ kí n kìlọ̀ sí bí mo ti ń kọjá lọ, nítorí ìwádìí tí àwọn dókítà ṣe ní ìhà Ìkàrẹ́-Àkókó, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1993, so jíjẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ àìsàn gbígbọ̀n àti ìrìn tàgétàgé tí ó máa ń kọlu àwọn ènìyàn lọ́dọọdún nígbà òjò. A sì tún rí i lẹ́yìn náà pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ń ba fítámì B1 jẹ́, tí iná ìdáná kì í tètè borí.

Àfòpiná tí ó bá jáde láti inú ìtẹ́ yìí kì í jẹun mọ́. Ẹnu tí àwọn àfòpiná mìíràn fi ń fa omi dídùn inú òdòdó ti rọ lára tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí lára kanni tí àwọn ará òkè ọya àti ilẹ̀ wa ń jẹ. Nítorí náà gbogbo epo tí yóò fi fò láti òru àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀, tí kì í jìnnà, ọ̀rá tí ó kó pamọ́ nígbà tí ó jẹ́ ìdin ni. Ọ̀rá dára fún irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, nítorí agbára tí ó wà nínú ìwọ̀n rẹ̀ kan ju ìlọ́po méjì ti ṣúgà lọ, kì í sì í gba omi mọ́ra tí yóò fi wúwo. Ṣùgbọ́n ewé ni ọ̀rá ti ń wá. Ewé ọ̀dọ́, èyí tí ó rọ̀ tí ó sì lómi, a máa sanra bọ́ ìdin. Ewé tí ó ti gbó a le, a sì ṣá lẹ́nu. Ní ọdún tí kòkòrò bá pọ̀ lórí arère kan, àwọn tí ó kọ́kọ́ pa ni wọn yóò jẹ ewé rere tán, àwọn tí ó pẹ́ yóò sì máa he èérún, wọn yóò sùn sínú ìtẹ́ pẹ̀lú ebi, wọn yóò sì jáde ní àfòpiná kékeré tí ìyẹ́ rẹ̀ kò fẹ̀, tí ọ̀rá rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti lọ́pọ̀. Èèyàn lè rò pé àfòpiná tí ebi pa ní kékeré kò lè fò jìnnà láéláé, ṣùgbọ́n abo tí ebi pa kò ní ẹyin púpọ̀ nínú, ẹrù rẹ̀ a sì fúyẹ́; a ti rí irú rẹ̀ tí ó fò ju arábìnrin rẹ̀ tí ó yó lọ. Lára kòkòrò ajẹko kan tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà gan-an, Spodoptera exempta, ohun tí ó yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ ń ṣẹlẹ̀: bí ìdin rẹ̀ bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, awọ wọn a dà bí koríko, bí wọ́n bá pọ̀ jọ, wọn a dúdú, wọn a yára dàgbà, àwọn àfòpiná tí ó sì ti ara irú wọn jáde ni wọ́n máa ń rin ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn. Ìdin náà ti mọ̀, bí a bá lè pè é ní mímọ̀, pé oúnjẹ ibí yìí kò ní í tó mọ́, ó sì ti ń múra ọ̀nà kí ìyẹ́ tó yọ. Ní tèmi, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí àfòpiná kan yóò ti lè fò tó, kí ó lọ wo ewé tí ìdin rẹ̀ jẹ àti iye àwọn tí ó bá a jẹ ẹ́, kí ó tó wo ìyẹ́.

Ẹyin ni ọ̀ràn kejì, ó sì tóbi. C. G. Johnson, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1969 lórí bí àwọn kòkòrò ti ń fò láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti fi hàn pé abo kòkòrò tí ń rin ìrìn jíjìn a máa lọ kí ẹyin rẹ̀ tó gbó. Bí ẹyin bá ti gbó tán, ilé ni ó kù tí yóò máa ṣọ́. Ní ọdún kan náà ni H. Roberts tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní Oxford lórí àwọn kòkòrò inú igbó Nàìjíríà, èyí tí ó ṣì jẹ́ òpó ilé fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn lónìí. Ẹ jẹ́ kí a mú méjì lára àwọn kòkòrò ilẹ̀ wa kí a fi wọ́n kọjú síra. Abo sányán ti jáde láti inú ìtẹ́ pẹ̀lú ikùn tí ó kún fún ẹyin, ojú kan ṣoṣo ni yóò sì yé wọn sí; kí ni yóò tún máa fò kiri wá? Ṣùgbọ́n Hypsipyla robusta, kòkòrò tí ń gbẹ́ ọ̀mùnú ọ̀gànwó, kì í yé ẹyin rẹ̀ jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi wọ́n sílẹ̀, lórí ọ̀mùnú yìí lónìí, lórí ọ̀mùnú tọ̀hún lọ́la, fún bí òru mélòó kan, nítorí ọmọ kan ti tó láti ba ọ̀mùnú kan jẹ́. Nítorí náà ó ní láti lè fò dáadáa, ó sì lè fò: òun ni kò jẹ́ kí oko ọ̀gànwó gbilẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà, nítorí bí a tilẹ̀ gbin ọ̀gànwó ní ẹyọ ẹyọ sáàárín igbó, yóò fi imú wá a rí, yóò gbẹ́ orí rẹ̀, igi tí ì bá gùn gbọnrangandan yóò sì yà bí igi ọsàn. Ẹni tí ó bá ń gbin igi ní Èmùré tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì yìí yóò máa fi oògùn ẹ̀fọ́rí wo inú rírun.

Ti akọ kò ní wàhálà púpọ̀. Kò ní ẹyin nínú, ara rẹ̀ fúyẹ́, òórùn abo tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ ni ó sì ń tẹ̀lé, tí yóò máa fò kọjú sí afẹ́fẹ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé àfòpiná kan fò tó ibùsọ̀ báyìí, kí a kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá akọ ni tàbí abo, nítorí akọ kò lè yé ẹyin sórí igi ẹnikẹ́ni.

Àwọn abo kan tilẹ̀ wà tí wọn kò ní ìyẹ́ rárá. Kòkòrò tí ń di igi wẹ́wẹ́ mọ́ra, tí ó ń fi wọ́n ṣe ilé tí ó ń gbé kiri, tí a sì máa ń rí tí ó rọ̀ dirodiro lára ẹ̀ka igi ẹ̀yìnkùlé, akọ rẹ̀ a máa di àfòpiná, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ a wà nínú àpò náà títí ayé rẹ̀ yóò fi parí: ibẹ̀ ni akọ ti ń bá a, ibẹ̀ ni ó ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ náà ni ó ń kú sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń rìn fún un, tí wọ́n ń ta òwú tín-ín-rín sínú afẹ́fẹ́ kí atẹ́gùn lè gbé wọn dé orí igi mìíràn.

Láàárín aláìníyẹ̀ẹ́ àti ẹni tí ń fò dáadáa ni àfòpiná tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ọ̀ràn yìí gbé wà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lymantria dispar. Ará Faransé kan, Étienne Léopold Trouvelot, ni ó kó ẹyin rẹ̀ lọ sí Medford ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní nǹkan bí 1869, nítorí pé ó ń wá kòkòrò tí yóò máa fún un lówùú bí sányán ti ń fún wa. Díẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tí yóò sì fi di nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ìdin ti bo ìlú Medford, wọ́n ti jẹ ewé igi tán. Síbẹ̀, abo àwọn tí Trouvelot kó wá láti Yúróòpù kò lè fò. Ó ní ìyẹ́, ìyẹ́ náà sì pé, ṣùgbọ́n yóò kàn máa rìn lórí èèpo igi ni. Ẹ wá wo abo irú rẹ̀ kan náà ní ìlà oòrùn Éṣíà: òun a máa fò ní ìrọ̀lẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ ju ti èkejì lọ, iṣan àyà rẹ̀ sì lágbára. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi akọ ìhín gun abo ọ̀hún, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ wà ní àárín méjì, èyí tí ó fi hàn pé ogún ìran ni ìfò náà, àti pé ó ju ẹyọ ohun kan lọ tí bàbá àti ìyá fi ń ta á látaré. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà ń bẹ̀rù jù. Àwọn abo Éṣíà a máa fò lọ síbi iná èbúté, wọn a yé ẹyin sára ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ a sì gbé wọn gba orí òkun kọjá. Ní 1991 ni a rí wọn ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, ní 1993 sì ni ọkọ̀ kan tún gbé irú wọn láti Jámánì dé North Carolina. Àfòpiná tí ìyẹ́ rẹ̀ gbé dé orí ọkọ̀ nìkan ti fò la òkun já.

Bí ara bá ti gbó, tí ọ̀rá tó, tí ìyẹ́ sì pé, òtútù ṣì lè dá a dúró. Iṣan àyà kì í ṣiṣẹ́ bí ó bá tutù. Ẹ tan iná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òru kan nígbà òjò, kí ẹ sì wo àfòpiná ńlá tí ó bà sára ògiri kí ó tó gbéra: ìyẹ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n rìrì, kò ní tíì kúrò lójú kan, yóò sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó ń yá iṣan rẹ̀ ni. Bernd Heinrich, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí yìí ní Amẹ́ríkà, wọn ìgbóná inú àyà àwọn àfòpiná títóbi, ó sì rí i pé ó ń ga ju 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ kí wọ́n tó fò, pé irun tí ó bo àyà wọn ni kò jẹ́ kí ooru náà sá lọ, àti pé bí ooru bá wá pọ̀ jù, wọn a fi ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ sí ikùn kí ó lè tú. Mọ̀lẹ́bí sányán kan wà ní Yúróòpù, èyí tí ń jẹ ewé páìnì tí ìdin rẹ̀ sì ń tò rìn bí ti sányán gẹ́lẹ́. Abo rẹ̀ kì í lè gbéra bí òru bá tutù ju 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2003, tí ooru mú ní Yúróòpù lọ́nà tí àgbà ibẹ̀ kò rí rí, òru móoru lórí àwọn òkè Alps ilẹ̀ Ítálì, àwọn abo sì fò gun òkè dé ibi tí wọn kò gbé rí. Ní tiwa, òru tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, àfi nígbà ọyẹ́, nígbà tí àpáta Ọlọ́súnta ní Ìkẹ́rẹ́ bá ti tu ooru ọ̀sán rẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà òtútù kò lè bá wa ṣọ́ arère bí ó ti ń bá àwọn ará Alps ṣọ́ páìnì.

Bí wọ́n ti ń wọn gbogbo èyí yẹ ní mímọ̀, nítorí òṣùwọ̀n èké a máa bí ìmọ̀ èké. Wọn a fi àtè lẹ àyà àfòpiná mọ́ ṣóńṣó ọ̀pá tín-ín-rín kan tí ó lè yí po lórí abẹ́rẹ́. Bí àfòpiná bá ti ń fò, ọ̀pá a máa yí, ẹ̀rọ a sì máa ka iye ìgbà tí ó yí. Ó dára láti fi wé àwọn ẹgbẹ́ kan náà, èyí tí ó yó sí èyí tí ebi pa, wúńdíá sí èyí tí ó ti gùn, ọmọ òru kan sí arúgbó tí ìyẹ́ rẹ̀ ti ya. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ni ó gbé ìwúwo rẹ̀, kò sì sí òórùn igi tàbí ewu àdán níwájú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ka ibùsọ̀ mẹ́wàá, kò túmọ̀ sí pé àfòpiná náà ì bá fò ju orí igi kejì lọ nínú igbó Ìsẹ̀. Mo rí àwọn tí ó máa ń mú irú iye bẹ́ẹ̀ ya àwòrán ibi tí kòkòrò yóò dé ní ọdún mẹ́wàá. Ó yà mí lẹ́nu bí ọkàn wọn ti balẹ̀ tó.

Àdán ń kọ́? Ọ̀pọ̀ àfòpiná ní etí lára àyà tàbí ikùn, etí tí olórí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ igbe àdán. Bí ó bá gbọ́ ọ lókèèrè yóò yà, bí ó bá gbọ́ ọ nítòsí yóò pa ìyẹ́ dé, yóò sì já lulẹ̀. Kòkòrò wínníwínní kan wà tí ń ṣe ilé sínú etí àfòpiná, ṣùgbọ́n etí kan ṣoṣo ni ó ń bà jẹ́, gbogbo ìran rẹ̀ a sì há mọ́ inú etí náà, nítorí bí wọ́n bá di méjèèjì, àdán yóò jẹ onílé àti àlejò pọ̀.

Ti iná náà kò ṣe é fojú fò. A ní àfòpiná tí ó lóun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ láti London àti Florida, tí wọ́n fi kámẹ́rà tí ń yára ya àwòrán wò ó, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2024, rí i pé kò tilẹ̀ sí ìjà láàárín wọn. Ẹ̀yìn ni àfòpiná ń kọ sí ohun tí ó mọ́lẹ̀ jù, nítorí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ojú ọ̀run ni ó mọ́lẹ̀ jù lóru. Bí gílóòbù bá wá di ọ̀run rẹ̀, yóò máa yí po lábẹ́ rẹ̀ títí agbára yóò fi pin. Ọ̀rá tí ìdin fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó jọ lórí arère lè tán ní òru kan lábẹ́ iná ilé epo kan lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́.

Afẹ́fẹ́ ni ó kù, òun ni ọ̀gá gbogbo wọn fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò. Ní 2016 ni àwọn àgbẹ̀ wa rí kòkòrò ajẹ̀gbàdo tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, Spodoptera frugiperda, tí a kọ́kọ́ kéde ní Nàìjíríà, Benin, Tógò àti São Tomé. Kí 2018 tó parí, ó ti dé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Àfòpiná rẹ̀ a máa jẹun, ẹyin rẹ̀ kì í gbó kí ó tó rìn, ó sì ń gòkè lọ bá atẹ́gùn tí ó lè gbé e tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní òru kan. Àgbẹ̀ Èmùré tí ó bá pa gbogbo èyí tí ó wà lóko rẹ̀ lónìí, èyí tí yóò bà síbẹ̀ lọ́la lè ti ìpínlẹ̀ mìíràn gbéra.

Ti sányán yàtọ̀ sí èyí pátápátá, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí àwọn tí ń gbin arère fojú sí. Láti nǹkan bí 1971 ni àwọn onímọ̀ igbó ní Ìbàdàn ti ń wá ọ̀nà tí a ó fi máa gé ẹ̀ka arère gbìn kí ó ta gbòǹgbò, nítorí èso rẹ̀ kì í wà lọ́dọọdún. Ọ̀nà náà sì dára, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a lè gbin arère lórí ilẹ̀ gbàrà gba kan láìsí igi mìíràn láàárín, tí abo tí ó wúwo, tí kì í jẹun, tí ojú kan ṣoṣo ni yóò yé ẹyin sí, kò fi ní láti fò ju ẹ̀ka kan sí èkejì lọ. Bí arère bá wà ní ẹyọ ẹyọ láàárín ìrókò, afàrà àti ọ̀mọ̀, àìlèfò ìyá yóò di ìyà fún àwọn ọmọ. Ìtẹ́ tí a bá sì já lórí arère kékeré kí àfòpiná tó jáde, èrò mi ni pé a kò ní tètè rí arọ́pò rẹ̀ níbẹ̀, èyí tí a kò lè sọ nípa kòkòrò àgbàdo tàbí ti ọ̀gànwó. Àwọn tí ń wá òwú sányán láyé àtijọ́ ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí òwú òkèèrè lé wọn kúrò nínú igbó, kò sí ẹni tí a fi rọ́pò wọn. Ọkọ̀ agbégilódò nìkan ni ó ń gbé ìtẹ́ jáde báyìí, bí ẹ̀ka àti èèpo bá ṣì wà lára gẹdú, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò sì jẹ́ fún ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti fi àdá gé wọn kúrò, kí ó dáná sun wọ́n, kí ọkọ̀ tó kọrí sí Ìkẹ́rẹ́.